Ohun tí ó ń dá ẹ̀mí irúgbìn gbígbẹ sí

Àwọn baba wa a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá, kò sì sí ẹni tí yóò pè wọ́n ní òpùrọ́. Kò sí ohun alààyè tí omi kò sí nínú rẹ̀. Ewé tútù tí a já lórí igi, bí a bá gbé e lé ìwọ̀n, a ó rí i pé ìdá 80 sí ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ ni ó jẹ́ omi. Bí omi yìí bá lọ, ewé a rọ, a gbẹ, a sì kú. Bí a tilẹ̀ rì í sínú odò lẹ́yìn náà, kò ní jí mọ́. Síbẹ̀, àgbàdo tí ìyá àgbà so rọ̀ lókè ààrò láti ìgbà ìkórè títí di àkókò òjò, tí èéfín ti fín in, tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí eyín kò ràn án, omi tí ó kù nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 lọ. Ẹ gbé e sínú ilẹ̀ tútù, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó ti yọ sókè. Ewé gbẹ, ó kú. Hóró gbẹ, kò kú. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ọ̀ràn náà ni àwa fẹ́ gbé yẹ̀ wò níwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni yóò kọ́ni ní iṣẹ́ ọ̀gbìn, àwọn ọmọdé ni ó sì máa ń béèrè irú ìbéèrè báyìí lójijì, tí olùkọ́ a sì máa wo òrùlé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé kì í ṣe gbogbo irúgbìn ni ó ní agbára yìí. Àgbàdo ní in, ẹ̀wà ní in, bẹ́ẹ̀ ni ọkà bàbà, ìrẹsì, ilá àti òwú. Ṣùgbọ́n obì kò ní in. Ẹ wo bí àwọn ìyá tí ń ta obì ti ń ṣe: ewé tútù ni wọ́n fi ń tẹ́ inú agbọ̀n, ewé tútù ni wọ́n fi ń bò ó lórí, bí ewé náà bá sì gbẹ, wọn a pààrọ̀ rẹ̀. A lè rò pé nítorí ẹnu ẹni tí yóò jẹ ẹ́ nìkan ni. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí obì bá gbẹ, kì í ṣe adùn rẹ̀ nìkan ni ó lọ, ẹ̀mí rẹ̀ bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kòkó. Kì í ṣe kòkó tí a bò mọ́lẹ̀ kí a tó sá a fún títà ni a ń wí, nítorí ooru ibi tí a bò ó sí ti pa òun kí oòrùn tó dé bá a. Bí a tilẹ̀ mú hóró tútù láti inú èso, tí a fọ̀ ọ́, tí a sì rọra sá a lábẹ́ ibòji, nígbà tí ó bá fi gbẹ tó àgbàdo, ó ti kú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àgbẹ̀ tí ó fẹ́ gbin kòkó fi ń la èso tí ó pọ́n, tí ó sì ń gbin hóró rẹ̀ kí ọjọ́ púpọ̀ tó kọjá. Máńgòrò àti rọ́bà wà nínú ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú.

Ní ọdún 1973, E. H. Roberts, ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pín irúgbìn sí ọ̀nà méjì gẹ́gẹ́ bí ìwà wọn yìí. Ó fún àwọn tí ó ṣeé gbẹ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí àwọn tí ń tẹ̀lé ìlànà, ó sì pe àwọn tí kò ṣeé gbẹ ní olóríkunkun. Lójú tiwa, orúkọ kejì yìí kò tọ́ sí obì. Inú igbó ńlá ni ilé rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ pẹ́ lábẹ́ igi. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, ó lè hù láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò rìnrìn àjò, kí ni yóò fi àpò ṣe?

Kí ni omi wá ń ṣe nínú ohun alààyè tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá kúrò, ikú dé? Ara ewé, ara hóró àti ara àwa ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni a fi kọ́ wọn, bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni oríṣìíríṣìí purotéènì wà. Nígbà tí ó bá wà nínú oúnjẹ wa, àwọn tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìlera a máa pè é ní èròjà amúaradàgbà. Ṣùgbọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì, òṣìṣẹ́ ni. Òmíràn ń pèsè ṣúgà, òmíràn ń tú u, òmíràn ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Okùn gígùn ni purotéènì kọ̀ọ̀kan, a sì ká okùn náà pọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, tí ó fi ní àwòrán kan pàtó. Àwòrán yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé lórí, gẹ́gẹ́ bí eyín kọ́kọ́rọ́ ti jẹ́ gbogbo ìwúlò kọ́kọ́rọ́. Omi tí ó yí i ká ni ó ń ràn án lọ́wọ́ láti wà bí ó ti wà, omi náà ni kò sì jẹ́ kí ó fara ro ẹlòmíràn.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń gbẹ, àyè dínkù, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí a fún mọ́ra wọn, ìkápọ̀ wọn a tú, wọn a sì lọ́ mọ́ ara wọn. Ẹ ti rí ohun tí ó jọ ọ́ rí nínú ẹyin. Omi funfun inú ẹyin, purotéènì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lẹ́yìn omi. Bí a bá sè é, okùn purotéènì wọ̀nyí a tú, wọn a sì so kọ́ra, ohun tí ń ṣàn a di ohun líle, kò sì sí ìyàwó ilé tí ó lè tún sọ ẹyin sísè di tútù. Ohun tí ooru ń ṣe nínú ẹyin, gbígbẹ ń ṣe ohun tí ó fara jọ ọ́ nínú ewé. Ìyà kejì sì tún wà: awọ tín-ín-rín tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká, ọ̀rá ni ó pọ̀ nínú rẹ̀; bí omi bá lọ, awọ a lẹ̀ mọ́ awọ, nígbà tí omi bá sì padà dé, ó a máa jò bí igbá tí ó sán. Nítorí náà, kì í ṣe àìsí omi nìkan ni ó ń pa ewé. Ìbàjẹ́ tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí omi tó padà ni.

Ní ọdún 1981 ni Leon Dure àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Georgia ní Amẹ́ríkà ròyìn ohun tí wọ́n rí nínú hóró òwú. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí hóró náà bá ti ń gbó lọ, tí ó kù díẹ̀ kí ó gbẹ, irú àwọn purotéènì kan a bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ nínú rẹ̀ gidigidi, àwọn tí a kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí hóró ṣì kéré. Bí hóró bá sì hù tán, wọn a pòórá. Lẹ́yìn náà ni a fi lẹ́tà mẹ́ta, LEA, ṣe orúkọ wọn, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe àwọn tí ń pọ̀ yanturu nígbà tí ọmọ inú irúgbìn bá ń gbó tán. Láti ìgbà náà ni a ti rí wọn nínú àlìkámà, nínú àgbàdo, nínú ìrẹsì, àti nínú irúgbìn mìíràn púpọ̀. Nínú ewéko kékeré kan tí a ń pè ní Arabidopsis, èyí tí àwọn onímọ̀ fẹ́ràn láti máa fi ṣe ìwádìí, 51 ni jíìnì, èyíinì ni àkọsílẹ̀ ìran, tí ó jẹ́ ti ẹbí LEA, gẹ́gẹ́ bí a ti kà wọ́n ní ọdún 2008. Àwọn kan nínú ẹbí yìí ni a ń pè ní dehydrin.

Ìwà wọn ṣàjèjì sí ti purotéènì yòókù. Bí a bá lọ irúgbìn, tí a po ó mọ́ omi, tí a sì sè é, púpọ̀ nínú purotéènì rẹ̀ a dì bí ẹyin, ṣùgbọ́n àwọn LEA a wà nínú omi náà síbẹ̀ láìdì. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé, nígbà tí omi wà, wọn kò ní àwòrán kan tí ó lè bàjẹ́. Okùn títú ni wọ́n, tí ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú omi, wọ́n sì fẹ́ràn omi púpọ̀. Ìgbà tí omi bá ń tán lọ ni púpọ̀ nínú wọn ń ká ara wọn pọ̀ bí okùn tí a lọ́ yí ọ̀pá. Èyí yà wá lẹ́nu nígbà tí a kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀: àwọn purotéènì yòókù a máa tú nígbà gbígbẹ, àwọn wọ̀nyí ni a máa tò létòlétò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gba ẹ̀mí là? Ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Tunnacliffe àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ mú purotéènì LEA méjì, ọ̀kan láti ara àlìkámà, èkejì láti ara aràn kékeré kan tí òun náà lè gbẹ láìkú. Wọ́n pò wọ́n mọ́ purotéènì mìíràn tí kì í pẹ́ bàjẹ́, wọ́n sì gbẹ wọ́n pọ̀. Ìròyìn wọn jáde ní ọdún 2005: níbi tí LEA kò sí, purotéènì náà dì gbàgì nígbà tí a dá omi padà sí i, níbi tí LEA wà, dídì náà dínkù púpọ̀. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé LEA a máa dúró láàrin àwọn yòókù bí ẹni tí ń làjà láàrin ọjà, tí kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹnìkan tó ẹnìkejì. Àwọn dehydrin ẹ̀wẹ̀ ní ibì kan lára tí ó máa ń fara mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, a sì gbà pé wọ́n ń dáàbò bo awọ náà.

Wọn kì í nìkan ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣúgà wà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó bá ti se ṣúgà rí títí omi inú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí ó sì jẹ́ kí ó tutù, mọ̀ pé kì í padà di iyanrìn. A máa le, a máa dán bí dígí. Inú hóró gbígbẹ rí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà àti purotéènì a dì bí dígí yí ohun gbogbo ká, wọn a dá a dúró sí ààyè rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìbàjẹ́ fi ń rìn bí ìgbín. Nípa báyìí ni irúgbìn fi ń pẹ́. Hóró dàbínù kan tí a wú jáde nílẹ̀ Masada, lẹ́bàá Òkun Iyọ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 2,000 ọdún, ni a gbìn ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì ní ọdún 2005, ó sì hù. Metusela ni wọ́n sọ igi náà, orúkọ náà sì bá a mu.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé LEA ni gbogbo oògùn náà. Ní ọdún 1994 ni a ròyìn pé a rí dehydrin nínú irúgbìn igi óákù, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn olóríkunkun ni óákù, tí ń kú bí ó bá gbẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ọ̀kọ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe ọmọ ogun. Purotéènì, ṣúgà àti àkókò gbọ́dọ̀ pàdé pọ̀.

Àkókò yìí ni ó kan àgbẹ̀ jù lọ. Ohun tí ń pàṣẹ fún hóró pé kí ó múra de gbígbẹ ni abscisic acid, èyí tí Frederick Addicott àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifọ́níà yọ jáde láti inú èso òwú ní ọdún 1963. Òwú náà ni lẹ́ẹ̀kan sí i! Ó ń pàṣẹ, hóró ń kó LEA jọ, a sì ń gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá dé tí gbòǹgbò sì yọ, ohun ìjà wọ̀nyí ti tú ká, ọmọ ewéko kò sì lè gbẹ mọ́ kí ó yè. Gbogbo wa ni a mọ ìbànújẹ́ òjò àkọ́rọ̀. Òjò kan rọ̀ nínú oṣù Ẹrẹ́nà, àgbẹ̀ a sáré gbin àgbàdo, àgbàdo a la ilẹ̀ díẹ̀, òjò a sì lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Hóró tí ó ti wà láàyè láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn lókè ààrò, ọjọ́ díẹ̀ nínú ilẹ̀ gbígbẹ ni ó pa á. Àwọn ènìyàn a máa wí pé irúgbìn náà kò dára. Irúgbìn dára, ó ti bọ́ ẹ̀wù ogun rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Ǹjẹ́ ewéko kan wà tí kì í bọ́ ẹ̀wù náà? Ó wà. Ewéko àjíǹde ni a lè pè wọ́n. Ní ìhà gúúsù Áfíríkà ni igi kékeré kan wà tí ń jẹ́ Myrothamnus: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ a ká jọ, a gbẹ kánrin, ènìyàn a rò pé igi ìdáná ni, bí òjò bá rọ̀, a tún tutù padà láàrin ọjọ́ kan. Jill Farrant àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cape Town ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí irú ewéko wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí a lọ sí Cape Town. Lórí àwọn àpáta ńlá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, irú àwọn òkè àpáta tí a mọ̀ ní ilẹ̀ wa, ni ewéko kan tí ó dàbí koríko ń hù sí, tí ó tẹ́ bí ẹní sórí òkúta lásán. Afrotrilepis pilosa ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní ọdún 1961, D. J. Hambler kọ̀wé pé ewéko yìí lè gbẹ nígbà ọyẹ́, kí àwọ̀ ewé rẹ̀ sì parẹ́, kí ó sì tún padà nígbà òjò. Òun náà ni ó kọ̀wé ní ọdún 1964 nípa àwọn ewéko orí àpáta ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Mélòó nínú wa ni ó ti jókòó lórí ẹní yìí, tí ó ń jẹ ọsàn lọ́jọ́ ìsinmi, tí kò mọ̀ pé ohun ìyanu ni òun fi ṣe àga?

Nígbà tí Dorothea Bartels àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì yẹ irú ewéko àjíǹde mìíràn wò, tí ń jẹ́ Craterostigma, wọ́n ròyìn ní ọdún 1990 pé nínú ewé rẹ̀ tí ń gbẹ, jíìnì tí ó ń jí sí iṣẹ́ jọ ti inú irúgbìn tí ń gbó. Ohun tí àgbàdo ń lò lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí ó wà nínú hóró, ni Craterostigma ń lò nínú ewé rẹ̀ nígbàkígbà tí ọ̀dá bá dé. A kò tíì rí àgbàdo tí ó gbàgbé rẹ̀ pátápátá: jíìnì náà wà nínú gbogbo ewé rẹ̀, ó kàn sùn ni.

Ọ̀ràn náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ ewéko. Nínú kòtò orí àpáta ní ìhà àríwá Nàìjíríà ni ìdin kòkòrò kan ń gbé, tí ó jọ ẹ̀fọn ṣùgbọ́n tí kì í jẹ ènìyàn; Polypedilum vanderplanki ni orúkọ rẹ̀. H. E. Hinton ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1951. Bí omi kòtò bá gbẹ, ìdin a gbẹ mọ́ ẹrẹ̀. Bí omi bá padà, kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ tí yóò fi máa rìn. Àwọn kan tí ó wà ní gbígbẹ fún ọdún 17 jí. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ròyìn pé LEA wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a wí ohun tí èyí já mọ́ fún ilẹ̀ tiwa. Ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí tí a ń pè ní IITA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ní ju oríṣìí ẹ̀wà 15,000 lọ ní ìpamọ́. Gbígbẹ ni wọ́n, nínú yàrá òtútù, wọ́n sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé ìpamọ́ irúgbìn tí a ṣí ní ọdún 2008 ní Svalbard, ní ilẹ̀ Nọ́wè, níbi tí òtútù ti jẹ́ ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo. Bí ọ̀dá tàbí ogun bá run ẹ̀wà oko, ti inú àpótí yóò kù. Fún kòkó, kò sí irú àpótí bẹ́ẹ̀. Hóró rẹ̀ kò gba gbígbẹ, kò sì gba òtútù. Igi tí ó dúró nínú oko ni ìpamọ́ rẹ̀: ní Trinidad, a gbin ju oríṣìí 2,000 lọ sílẹ̀, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, ilé ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà ní oko irú rẹ̀ pẹ̀lú. Oko sì lè jóná, ó sì lè ṣàìsàn. Àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú, tí a kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ Gánà ní ọdún 1936, tí a sì rí ní Nàìjíríà ní ọdún 1944, ti mú kí a gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù igi lulẹ̀. Ohun tí ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó sì san owó ọmọ púpọ̀, orí hóró tí kò lè gbẹ ni ó dúró lé.

Àwọn kan ti ń gbìyànjú láti fún irè oko ní LEA nínú ewé. Ní ọdún 1996, a ròyìn pé a mú jíìnì LEA kan láti inú ọkà báálì sínú ìrẹsì, ìrẹsì náà sì fara da àìtó omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Fífara dà ni a wí. Kò di ewéko àjíǹde.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀ràn yìí han àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ kò nílò ju ẹ̀wà 60 àti agolo mẹ́ta lọ. Kí ó rẹ 20 sínú omi fún wákàtí mẹ́fà, kí ó sì sá wọn níbòji títí wọn yóò fi tún gbẹ. Kí ó jẹ́ kí 20 mìíràn hù lórí aṣọ tútù títí gbòǹgbò wọn yóò fi gùn tó ìka, kí ó tó sá wọn bákan náà. Kí ó fi 20 tí ó kù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Ọjọ́ kan náà ni kí ó gbin gbogbo wọn, kí àwọn ọmọ máa bomi rin wọ́n, kí wọ́n sì kọ iye tí ó yọ nínú agolo kọ̀ọ̀kan sórí pátákó ní ọjọ́ kẹjọ.